Ta Ni Ó Yan Orin Tí A Ń Gbọ́? Ọ̀gá Ilé Iṣẹ́ Àwo àti Ìbẹ̀rẹ̀ Orin Rọ́ọ̀kì ní Ilẹ̀ Wa

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Báyìí ni a ṣe ń kí ara wa ní ilẹ̀ Owé, ní Ìyàgbà, ní Ìjùmú, ní Bùnú àti ní Ọ̀wọ́rọ̀. Ìkíni yìí náà ni ó sì di orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ orin, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn olórin gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó wà lẹ́yìn olórin ni, ẹni tí àwọn tí ń jó kì í dárúkọ rẹ̀.

Nígbà tí a ń palẹ̀ ilé bàbá àgbà mi mọ́ ní Kàbà lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, a rí páálí kan lábẹ́ ibùsùn. Àwo orin ni ó kún inú rẹ̀. Eku ti jẹ etí àpò díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn àwo náà fúnra wọn kò bàjẹ́. I. K. Dáírò wà níbẹ̀, Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, Fẹlá wà níbẹ̀, àwo àwọn ọmọ ilé ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ofege sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo kó wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí Yorùbá, mo rí Gẹ̀ẹ́sì, mo rí Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà. N kò rí ẹyọ kan tí a fi ohùn Owé kọ. Bàbá àgbà mi kì í sọ ohun mìíràn nínú ilé bí kò ṣe Owé. Ó ra gbogbo orin wọ̀nyí, kò sì rí orin tí a fi èdè ẹnu rẹ̀ kọ rà. Kí ni ó fà á? Ta ni ó ń yan ohun tí yóò wọ inú àwo àti ohun tí yóò wà níta?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo.

Kí ni a ó máa pe ọ̀gá yìí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ èdè, nítorí pé òun ni ó kó wa jọ síbí. Àwo ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ń bu oúnjẹ. Nígbà tí àwọn baba wa rí ohun dúdú roboto pẹlẹbẹ tí orin ń jáde láti ara rẹ̀, wọn kò wá orúkọ lọ síbi tí ó jìnnà. Àwo ni wọ́n pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwo ni ó dúró nínú ìwé. Ẹni tí ó ń kọrin ni olórin, ẹni tí ó ń lùlù ni onílù. Ẹni tí ó yan olórin, tí ó san owó yàrá ìgbohùnsílẹ̀, tí ó sọ pé orin yìí ni kí a tẹ̀, òun ni kò ní orúkọ kan pàtó ní èdè wa. Àwọn kan ń pè é ní olóòtú, bí ẹni pé ìwé ìròyìn ni ó ń tò. Àwọn kan ń pè é ní agbátẹrù, ẹni tí ó gbé àtẹ rù bí ẹni tí ó ń kiri ọjà. Ìtumọ̀ kejì yìí dùn mọ́ mi, nítorí pé ọjà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ṣùgbọ́n èmi yóò máa pè é ní ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo, kí ó lè yé tàgbà tèwe.

Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ni ó máa ń lọ sí ilé ijó ní alẹ́ láti gbọ́ ẹni tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé. Òun ni ó ń bá olórin tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Òun ni ó ń mú ọjọ́ tí wọn yóò gbohùn sílẹ̀, tí ó sì máa ń jókòó sínú yàrá náà láti sọ pé, "Ẹ tún un kọ, kò ì tíì dára." Òun ni ó ń pinnu iye ẹ̀dà tí wọn yóò tẹ̀ àti ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí wọn yóò kó o lọ. Bí ó bá gba orin kan, orin náà lè dé gbogbo ìlú. Bí ó bá kọ̀ ọ́, olórin yóò máa kọ ọ́ fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀ nìkan.

Bí àwo ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, ẹni tí í ṣe bàbá bàbá Fẹlá, kọrin sí àwo ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lé ní 40, orin ìyìn ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọdún 1928, Domingo Justus kọrin fún ilé iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1936, Túndé King ti Èkó, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àgbà nínú orin jùjú, ń kọrin fún Parlophone.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbẹ̀. Gbogbo ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, ti òkèèrè ni. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gba ohùn sílẹ̀ ní Èkó, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé e lọ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni yóò sì tún gbé àwọn àwo náà padà wá fún títà. Ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù kò gbọ́ Yorùbá. Oníṣòwò tí ó wà ní Èkó ni ó ń sọ fún un ohun tí ó ń tà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọjà ti ń yan orin fún wa, ọjà náà sì wà ní etí òkun.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Decca, Philips àti EMI wá fi ìdí múlẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà kò káwọ́ gbera. Badejo àti Jofabro wà lára àwọn orúkọ tí a rí lára àwo láyé ìgbà náà, ọmọ Yorùbá ni ó sì dá wọn sílẹ̀. Ní ọdún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáírò pa owó pọ̀, wọ́n dá ilé iṣẹ́ STAR Records sílẹ̀, kí olórin lè di ọ̀gá ara rẹ̀. Dáírò yìí ni wọ́n bí ní Ọ̀fà ní ọdún 1930, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE ní ọdún 1963. Ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ ni pé ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù lára èrè.

Orin gìtá àwọn ọ̀dọ́ dé

Láàárín ọdún 1960 sí ọdún 1970, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé gíga ní Èkó àti Ìbàdàn ń gbọ́ Beatles àti Rolling Stones lórí rédíò. Wọ́n ń ra gìtá, wọ́n ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Geraldo Pino ti ilẹ̀ Sàró gbé orin sóòlù dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá, ẹnu ya Fẹlá pàápàá. Ní ìparí ọdún 1970, James Brown wá sí Nàìjíríà. Ginger Baker, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń lùlù fún ẹgbẹ́ Cream, fi ọkọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1973, ó ti ṣí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà.

Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí ọdún 1970 kò pa orin yìí. Nígbà tí ogun náà parí, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ní Abá, ní Onítṣà àti ní ibòmíràn. Àwọn àgbà ka orin náà sí ariwo. Àwọn oníṣòwò àwo bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jẹ́ ọmọdé, ọmọdé kò sì ní owó lọ́wọ́. Jùjú, àpàlà, sákárà àti háíláìfù ni ó ń mú owó wọlé. Ta ni yóò wá fi owó ilé iṣẹ́ sórí ọmọ ilé ìwé tí ó gbé gìtá kọ́rùn?

Odion Iruoje ti EMI

Ibí yìí ni Odion Iruoje ti wọlé. Òun ni EMI Nàìjíríà fi ṣe alábòójútó àwọn olórin àti orin tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ní àkókò náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró lórí wíwo ìwé ìṣirò. Ó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń gbọ́, ó ń tún orin ṣe.

Ó wà nídìí orin Fẹlá ní ìgbà tí Fẹlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé. Fẹlá ti lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1969 pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà tí ó padà dé, orin rẹ̀ ti yí padà. Ní ọdún 1971, EMI gbé "Jẹun Kóo Kú" jáde. Orin nípa alájẹkì ni, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí ọmọdé lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo ìlú ni ó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti gbà pé ohun tuntun tí Fẹlá ń pè ní áfúróbíìtì lè tà lọ́jà.

Lẹ́yìn èyí ni EMI ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì. Joni Haastrup, ẹni tí ó ti bá Ginger Baker ṣeré, kó ẹgbẹ́ MonoMono jọ. Àwo wọn, Give the Beggar a Chance, jáde ní ọdún 1972. Berkley Jones, Láolú Akins àti Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀, Chapter One tiwọn sì jáde lọ́dọ̀ EMI ní ọdún 1973.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti Ofege. Ọmọ ilé ìwé St. Gregory's ní Ọbáléndé ni wọ́n. Wọn kò tí ì ju ọmọ tí òbí ń lé lọ sí ibùsùn lọ. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí òfégè jẹ́ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Iruoje gbọ́ wọn, ó mú wọn wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó sì ṣe àbójútó àwo wọn tí wọ́n pè ní Try and Love ní ọdún 1973. Berkley Jones ti BLO bá wọn ta gìtá nínú rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀gá yìí ṣe fi àgbà ti ọmọdé lẹ́yìn! Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwo náà tà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè sì ń kọ orin inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀dà rẹ̀ ni ó rìn dé Kàbà, tí ó wọ inú páálí bàbá àgbà mi. N kò lè sọ bí àgbàlagbà tí ó fẹ́ràn Dáírò ṣe ra orin àwọn ọmọ náà. Bóyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó rà á.

Ní ọdún 1973 yìí kan náà, Paul McCartney ti Beatles wá sí Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ láti gbohùn sílẹ̀ fún Band on the Run. Láti oṣù kẹjọ wọ oṣù kẹsàn-án ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ EMI ní Wharf Road, Àpápá, ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn olè dá a lọ́nà, wọ́n gba tẹ́ẹ̀pù tí ó fi kọ ìpìlẹ̀ àwọn orin náà sí lọ́wọ́ rẹ̀. Fẹlá náà sì fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ni ó wá jí. McCartney ní kí Fẹlá wá gbọ́ ohun tí ó ti gbà sílẹ̀, kí ó rí i pé kò sí orin Áfíríkà nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fà yọ níbẹ̀ ni pé yàrá kan náà tí àwọn òyìnbó fojú kéré pé ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó nǹkan, òun ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́.

Bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ mìíràn

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ ti ní irú agbára yìí. Ní Memphis, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Sam Phillips ti Sun Records ni ó gba ohùn Elvis Presley sílẹ̀ ní ọdún 1954, nígbà tí Elvis ṣì jẹ́ awakọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Ní Sydney, ilẹ̀ Ọsirélíà, Ken Taylor wà ní ilé iṣẹ́ Festival. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johnny O'Keefe fẹ́ wọ ibẹ̀ kọrin. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé O'Keefe kàn lọ sọ fún àwọn oníròyìn pé Festival ti gba òun, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ì tíì gbà á. Taylor ka ìròyìn náà, ó ránṣẹ́ pè é, ó sì gbà á ní tòótọ́. Ní ọdún 1958, orin O'Keefe tí ń jẹ́ "Wild One" di ìlú mọ̀ọ́ká, òun sì di àgbà olórin rọ́ọ̀kì ilẹ̀ náà.

Bí a bá fi Phillips, Taylor àti Iruoje sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìwà kan náà ni a rí lára wọn. Wọ́n fetí sí ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ariwo. Wọ́n sì gbà pé orin òkèèrè lè di ti ilé bí ọmọ ilé bá ń kọ ọ́.

Ọ̀gá tí ó kọ̀, ọ̀gá tí ó gbà

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní agbára láti gbà ní agbára láti kọ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 1971 kan náà tí "Jẹun Kóo Kú" ń ta wàràwàrà, Fẹlá kọ orin mìíràn tí ó pè ní "Why Black Man Dey Suffer", tí ó dá lé ìjìyà àwọn aláwọ̀ dúdú. EMI kò fẹ́ gbé e jáde, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ le jù fún wọn. Ilé iṣẹ́ African Songs ni ó gbà á. Olóyè Bọ́lárìnwá Abíórò, ọmọ Ìpókíá, ni ó ni ilé iṣẹ́ yìí. Ẹ rí i pé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ṣoṣo ni ó wà ní Èkó ní ọjọ́ náà, orin yẹn ì bá má dé etí ẹnikẹ́ni.

Abíórò yìí náà ni ó ti gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìdílé ọba Oǹdó, Sunny Adé, ní ìgbà tí kò ì tíì ní orúkọ. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Sunny Adé ti kọ àwọn orin tí ó sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká láti ọdún 1967. Nígbà tí ó di ọdún 1974, ìjà dé láàárín wọn lórí owó àti lórí ìwé àdéhùn. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí Sunny Adé má ṣe gbohùn sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ìyẹn parí, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀, Sunny Alade Records, sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ó di gbajúmọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, débi pé Island Records gbé Juju Music rẹ̀ jáde fún gbogbo àgbáyé ní ọdún 1982. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ni ó ni tẹ́ẹ̀pù àwọn orin àkọ́kọ́ náà kò tán. Ó tún padà sí ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò sọ èyí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Ẹni tí ó fi owó sórí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti jèrè. Ẹni tí ó ni ohùn ní ẹ̀tọ́ láti jẹ lára ohùn rẹ̀. Ibi tí ìwé àdéhùn kò bá ti sọ ọ̀rọ̀ dáadáa, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń di ọ̀tá. Àgbà tí ó bá ní ká tọwọ́ bọ̀wé, ká kà á tán ká tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

Nígbà tí ó yá, òfin ọdún 1972 àti ti ọdún 1977 pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìpín nínú àwọn ilé iṣẹ́ àjèjì. Orúkọ yí padà: Decca di Afrodisia, EMI di Ivory Music. Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣí yàrá ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún 1979. Iruoje fúnra rẹ̀ ṣe àwo tirẹ̀, Down to Earth, ní ọdún 1983. Nínú gbogbo ìyípadà yìí, ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ̀pù àkọ́kọ́ ni ó sọnù. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè bíi Soundway bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin ìgbà náà tẹ̀, ara àwo àtijọ́ ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ yọ, irú àwo tí ó wà nínú páálí bàbá àgbà mi. Ohun tí ilé iṣẹ́ kò tọ́jú, àwọn tí ó rà á ni ó bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ta ni yóò gba ti Òkun sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Kàbà. Ní gbogbo ọdún tí mo ń sọ yìí, níbo ni àwa wà? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó wa sí abẹ́ ẹkùn Kàbà, ní apá Òkè Ọya. Ní ọdún 1967, a bọ́ sí ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ọdún 1991, a di ara ìpínlẹ̀ Kogí. Rédíò Kàdúná ń fi Hausa bá wa sọ̀rọ̀, Ìbàdàn ń fi Yorùbá Ọ̀yọ́ bá wa sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwo ní Kàbà. Èkó ni wọ́n wà, ọ̀nà Èkó sì jìn.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà, ìṣirò wà níbẹ̀. Kí a tó tẹ àwo, a ní láti gé irin tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, a ní láti san owó yàrá, owó àpò àti owó ọkọ̀. Owó irin àti owó yàrá kò yí padà bóyá ẹ̀dà ọgọ́rùn-ún ni a tẹ̀ tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀gá tí ó fẹ́ rí owó rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ wá orin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rà. Yorùbá gbogbogbòò ni wọn yóò rà láti Èkó títí dé Ìlọrin. Ta ni yóò ra Owé? Nítorí náà, ọmọ Òkun tí ó bá fẹ́ wọ inú àwo ní láti fi ohùn ilé sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó ṣòfin pé kí a má kọ ohùn wa. Ìṣirò ọjà ni ó ṣe òfin náà.

Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè tí mo bi ara mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ìyá àgbà kan wà ní ìdílé wa tí ó mọ orin tí àwọn obìnrin fi ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ ní ayé àtijọ́. Ó kọ ọ́ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Fóònù wà ní àpò mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá dé ní ọdún tí ń bọ̀, màá gbà á sílẹ̀ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdún tí ń bọ̀ jìnnà." Kí ọdún náà tó pé, wọ́n ti sin ín. Gbólóhùn méjì ni mo rántí nínú orin náà, n kò sì dá a lójú pé mo rántí wọn bí ó ti yẹ. Kò sí ọ̀gá kankan ní Èkó tí mo lè di ìyẹn rù. Èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo sì yàn láti má ṣe é.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ohun tí ó ná Zonophone ní ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1922, tí ó ná EMI ní ilé ńlá ní Àpápá ní ọdún 1973, wà nínú àpò yín lónìí. Ẹ̀yin gan-an ti di ọ̀gá ilé iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ lára àwọn tí ó ti ṣe é ṣáájú yín.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ fetí sí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, bí Iruoje ṣe fetí sí ọmọ ilé ìwé. Ìyá tí ó ń lọ ata lẹ́yìn ilé lè ní orin tí kò sí lẹ́nu ẹlòmíràn mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gbohùn sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ó fi ṣe. Ohùn ẹni ni ohun ìní ẹni. Ẹ má jẹ́ kí ó di ẹjọ́ tí ọmọ-ọmọ yóò máa rò.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ sọ orúkọ ẹni tí ó kọrin, ìlú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n máa ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Orin tí kò ní orúkọ ni ẹlòmíràn máa ń sọ di tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì fún ẹbí tí ó ni ín ní tiwọn. Tẹ́ẹ̀pù tí ó wà ní ibi kan ṣoṣo ni ó ń sọnù.

Mo ti nu àwọn àwo bàbá àgbà mi, mo ti ra àpò tuntun fún wọn. Nígbà tí mo bá ń gbọ́ àwọn ọmọ Ofege, mo máa ń rántí ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tí ó ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ. Mo sì máa ń rántí ìyá àgbà tí ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ní oṣù tí ó kọjá, mo lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Kàbà. Ó ní òun náà mọ díẹ̀ nínú orin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. N kò sọ pé ó di ọdún tí ń bọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá ní irú orin bẹ́ẹ̀ nílé, ní Òkun, ní Èkìtì, ní Àkókó tàbí ní ibikíbi, ẹ gbà á sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dìgbà kan ná. Òkun o.